Nígbà Tí Odídẹ Ilé Bá Di Oníjà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí ẹyẹ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé kan ká láàrin wa.

Àwọn ilé kan wà láàrin àwa tí a ń gbé Òkè Ọya tí wọ́n ní odídẹ. Àwọn Haúsá tí a jọ ń gbé a máa pè é ní aku. Ẹlòmíràn mú un ti ilé wá, ẹlòmíràn jogún rẹ̀. Ẹyẹ tí ó bá ń sọ èdè wa ní ìlú tí kì í ṣe tiwa, ará ilé ni. Nítorí náà, bí ó bá yí padà lójijì tí ó ń bu ènìyàn jẹ, ó máa ń dun ni bí ìgbà tí ọmọ ẹni bá gbójú sókè sí ni.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Kàdúná ni ó kọ lẹ́tà sí wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní bàbá òun ni ó ni odídẹ náà ní Ìwó, láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ẹyẹ. Nígbà tí bàbá kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun gbé ẹyẹ náà wá sọ́dọ̀. Títí di òní, ohùn bàbá ni ẹyẹ náà fi ń kí ènìyàn ní òwúrọ̀. Bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, a máa húkọ́ gẹ́gẹ́ bí bàbá ti ń húkọ́. Láìpẹ́ yìí ìyàwó rẹ̀ bímọ, ìyá rẹ̀ tí í ṣe opó bàbá náà sì wá láti Ìwó láti wá wẹ ọmọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá dé ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Odídẹ bu ìyá jẹ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fa ẹ̀jẹ̀ lára ìka ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́fà tí ó wà nínú ilé. Ni aládùúgbò kan bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ó sọ. Ó ní ayékòótọ́ kì í purọ́, pé ẹyẹ náà mọ ẹni tí ó pa olówó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó kò ti jẹ́ kí ìyá fọwọ́ kan ọmọ mọ́, ìyá náà sì ti di ẹrù rẹ̀. Ọkọ wá bi wá léèrè: kí òun pa ẹyẹ ni, kí òun tà á ni, tàbí kí òun jẹ́ kí ìyá máa lọ?

Ìdáhùn wa ni pé kò sí ọ̀kan tí ó yẹ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òótọ́ ni pé odídẹ a máa tún ohun tí ó bá gbọ́ sọ, ó sì lè tú àṣírí ẹni tí kò ṣọ́ ẹnu níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò sọ níwájú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Bàbá kú, ó ti kú. Odídẹ kò ṣe ẹlẹ́rìí ikú ẹnikẹ́ni. Tí kò bá ní ìdí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìjà ẹyẹ yìí ní ìdí, ṣùgbọ́n ìdí náà kì í ṣe àjẹ́. A bi dókítà ẹran léèrè, a sì ka ohun tí àwọn tí ó mọ ẹyẹ yìí ti kọ. Èyí ni ohun tí a rí.

Odídẹ kì í ṣe adìẹ. Ó ti pẹ́ gan-an tí adìẹ ti ń bá ènìyàn gbé, ó ti di ẹran ilé. Odídẹ tí ó wà nínú àgò lónìí, ẹyẹ igbó ni síbẹ̀. Igbó ńlá ìhà gúúsù ni ilé rẹ̀, níbi tí òjò ti ń rọ̀ tí ẹyìn sì wà lórí ọ̀pẹ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ púpọ̀ ni ó máa ń bá sùn lórí igi kan náà. Bí ohun kan bá dẹ́rù bà á nínú igbó, yóò fò lọ ni. Nínú àgò, tàbí bí a bá ti gé ìyẹ́ apá rẹ̀, kò lè fò lọ mọ́. Ohun tí ó kù fún un ni àgógó ẹnu rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, obìnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Irene Pepperberg ra odídẹ kan ní 1977, ó sọ ọ́ ní Alex. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi kọ́ ọ, títí ẹyẹ náà fi kú ní 2007. Alex mọ orúkọ nǹkan bí 50, ó mọ àwọ̀ 7, ó sì lè ka iye nǹkan dé 6. Bí iṣẹ́ bá sú u, a máa sọ fún wọn pé kí wọ́n dá òun padà sí àyè òun. Ẹ̀yin ará, odídẹ tiwa kò mọ bí a ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan bá sú u, bí ẹ̀rù bá bà á, bí ara bá ń dùn ún, bíbunijẹ ni yóò fi sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka àwọn ohun tí ó lè sọ ẹyẹ jẹ́jẹ́ di oníjà.

Èkínní ni àgbà. Odídẹ a máa bàlágà láàrin ọdún 3 sí 5. Kí ó tó di ìgbà náà, ọmọ ni, ẹnikẹ́ni lè gbé e. Nígbà tí ó bá dàgbà, ara rẹ̀ a máa sọ fún un pé ó tó àkókò láti ní ẹnìkejì, kí ó sì ní ilé tí yóò máa ṣọ́. Àgò rẹ̀ di ilé rẹ̀, ọwọ́ tí ó bá wọ ibẹ̀ di ọwọ́ olè. Ẹyẹ inú lẹ́tà yìí ti wọ ọdún karùn-ún. Ìyá mọ̀ ọ́n ní ọmọdé ní Ìwó. Àgbà ni ìyá bá ní Kàdúná.

Èkejì ni ìfẹ́ ẹnìkan ṣoṣo. Odídẹ a máa yan ẹnìkan láàyò nínú ilé, bí ìgbà tí ó bá yan ẹnìkejì nínú igbó. Ní ilé yìí, ìyàwó ni ó ń fún un ní oúnjẹ láti ọdún mẹ́ta, ìyàwó ni ó sì yàn. Ẹni tí ó bá wá ń jókòó ti ìyàwó láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, orogún ni lójú ẹyẹ. Ìyá ni ẹni náà. Ohun kan tún ń mú èyí le sí i: bí a bá ń fọwọ́ pa odídẹ lẹ́yìn àti lábẹ́ apá, bí akọ àti abo ti ń ṣe sí ara wọn ni lójú rẹ̀. Orí àti ọrùn nìkan ni kí a máa fọwọ́ pa.

Ẹ̀kẹta ni àyípadà inú ilé. Odídẹ kò fẹ́ràn ohun àjèjì. Ọkọ kọ̀wé pé nítorí ọmọ tuntun, àwọn gbé àgò kúrò ní yàrá àlejò sí ọ̀nà àbákọjá. Èrò ìkómọjáde kún ilé. Ọmọ ń ké. Gèlè ńlá tí ìyá ń wé àti ọ̀pá tí ó fi ń rìn, ẹyẹ kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí ó ti dé Kàdúná. Gbogbo ẹni tí ó bá ń kọjá ló ń kan àgò rẹ̀ lára.

Ẹ̀kẹrin ni àìsùn. Odídẹ nílò oorun wákàtí 10 sí 12 nínú òkùnkùn láìsí ariwo. Ilé tí iná ń tàn títí òru nítorí ọmọ, tí tẹlifíṣọ̀n ń ké, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún, ẹyẹ ibẹ̀ yóò máa kanra bí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru tí wọn kò jẹ́ kí ó sùn lọ́sàn-án.

Ẹ̀karùn-ún ni ọyẹ́ àti ìyẹ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ìhà ibí a máa mú awọ ara ẹyẹ igbó yìí gbẹ, yóò sì máa yún un. Bí ó bá tún bọ́ sí àkókò tí ó ń pààrọ̀ ìyẹ́, ìyẹ́ tuntun tí ó ń yọ ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ó sì ń dùn ún bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó fọwọ́ kàn án kò mọ̀ pé ojú egbò ni òun tẹ̀.

Ẹ̀kẹfà ni àìsàn. Ẹyẹ a máa pa àìsàn mọ́ra, nítorí èyí tí ó bá fi àárẹ̀ hàn nínú igbó ni àṣá kọ́kọ́ ń gbé. Oníjà òjijì lè jẹ́ aláìsàn. Bí ó bá wú ìyẹ́ rẹ̀ tí ó jókòó sí ìsàlẹ̀ àgò, bí ìrù rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò bí ó ti ń mí, bí kò bá jẹun, bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá yí padà, tàbí tí gìrì bá mú un, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró dè é di ọ̀la.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ kí ó tó bunijẹ? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Dúdú inú ojú rẹ̀ yóò máa kéré, yóò tún máa tóbi, kíákíá kíákíá. Ojú nìkan kò tó ṣá, nítorí ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn tí ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo gbogbo ara rẹ̀ pọ̀. Bí ìyẹ́ ọrùn bá dìde, tí ó tẹ ara síwájú, tí ó la ẹnu, tí ó tẹ́ ìrù bí abẹ̀bẹ̀, tàbí tí ó ń kùn bí ajá, ó ti sọ tẹnu rẹ̀. Kí ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ sì fún un láyè.

Bí ó bá wá bù yín jẹ, ẹ má kígbe, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì gbá a. Odídẹ fẹ́ràn ariwo. Bí ẹ bá ké, ó lè rò pé eré ni, yóò tún un ṣe lọ́la. Bí ẹ bá sì lù ú, kò mọ̀ pé ìbáwí ni. Ohun tí yóò kọ́ ni pé ọwọ́ ènìyàn jẹ́ ọ̀tá, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbájú kan lè pa á. Ẹ rọra gbé e sórí igi rẹ̀, kí ẹ yí ojú kúrò lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ní àkókò tí ó ń jà yìí, igi gbọọrọ ni kí ẹ nà sí i láti gùn, kì í ṣe ọwọ́. Aṣọ ìnura tí a fi ń wé e mú, ọjọ́ ewu nìkan ni ó wà fún.

Nípa ti ilé Kàdúná, èyí ni ohun tí a kọ padà fún wọn.

Kí wọ́n gbé àgò padà sí yàrá àlejò, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, níbi tí ẹyẹ yóò ti máa rí ènìyàn láìjẹ́ pé ènìyàn ń fara kàn án. Kí wọ́n má gbé e sí ilé ìdáná. Bí ó bá di aago méje alẹ́, kí wọ́n fi aṣọ bo àgò níbi tí kò sí ariwo, kí wọ́n má ṣí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kí wọ́n kó páálí àti àkísà tí ó ń wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ kúrò, nítorí ó lè sọ wọ́n di ìtẹ́ tí yóò máa jà lé lórí. Ní òwúrọ̀ tí oòrùn bá ti mú díẹ̀, kí wọ́n bu omi mímọ́ wọ́n ọn lára bí òjò wínníwínní. Yóò dín ìyà ọyẹ́ kù.

Lẹ́yìn èyí ni ti ìyá. Kí ìyá máa kí ẹyẹ láti ọ̀nà jíjìn kí ó tó súnmọ́ ọn, kí ó sì máa lo ìkíni kan náà lójoojúmọ́. Kí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láìtẹjú mọ́ ọn. Kí ó ju ẹ̀pà kan tí kò ní iyọ̀ sínú àwo rẹ̀, kí ó sì máa lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ó fi àga súnmọ́ díẹ̀. Bí ẹyẹ bá ń dúró jẹ́jẹ́, kí ó na ẹ̀pà sí i láti iwájú. Kí ó má na ọwọ́ láti òkè, nítorí láti òkè ni àṣá ti ń wá. Ní àkókò yìí, kí ìyàwó má fún ẹyẹ ní ẹ̀pà rárá. Ohun tí ẹyẹ fẹ́ràn jù, ọwọ́ ìyá nìkan ni kí ó ti máa rí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀pà náà kò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹyẹ tí ó bá ń jẹ ẹ̀pà àti ọkà nìkan kò ní ara líle, egungun rẹ̀ yóò sì máa rọ, nítorí odídẹ tètè máa ń ṣàìní èròjà tí ń mú egungun le. Ẹ máa fún un ní ẹyìn, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kárọ́ọ̀tì, ìbẹ́pẹ, àgbàdo tútù àti ata; ata kì í ta ẹyẹ. Ẹ máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, kí ibòji sì wà tí ó lè yà sí. Ẹ má fún un ní píà, obì, kọfí, ṣokoléètì tàbí ọtí. Wọ́n lè pa á. Èéfín oògùn ẹ̀fọn àti ti páànù tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀, bí iná bá pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀, lè ṣe ẹyẹ ní jàǹbá kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ẹni tí odídẹ bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò dáadáa. Bí ó bá jìn, tàbí tí ó wú, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, pàápàá bí ó bá ti pẹ́ tí ó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Àìsàn kan sì wà tí odídẹ lè kó ran ènìyàn, tí ń mú ibà, orí fífọ́ àti ikọ́ wá. Bí irú èyí bá ṣe yín, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń sin odídẹ. Ọmọ tuntun kò gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹyẹ tí ó jáde nínú àgò, bí ó ti wù kí ẹyẹ náà jẹ́ jẹ́jẹ́ tó. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà lè bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ti ìka bọ àgò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́tà mìíràn dé. Odídẹ ń gba ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá. Kò tíì gùn ún lọ́wọ́, kò sì tíì fẹ́ràn ọmọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ọkọ kọ̀wé pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹyẹ fi ohùn bàbá kí ìyá, ìyá jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún títí. Ìyàwó wà níbẹ̀. Òun ni ó gbé ọmọ lé ìyá lẹ́sẹ̀ pé kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. A fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn, nítorí ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò sọ yẹn, ẹ̀pà kò lè wò ó sàn. Ọkọ ni ó yẹ kí ó sọ gbangba níwájú gbogbo ilé pé irọ́ ni, kí ó sì bẹ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú àtita odídẹ yín, ẹ rò ó dáadáa. Ẹyẹ tí ó ń jà nílé yín yóò jà nílé ẹni tí ó rà á, ẹni náà sì lè má ní sùúrù. Bí ẹ bá sì tú u sílẹ̀ níhìn-ín, kò sí igbó rẹ̀ ní Òkè Ọya. Ebi tàbí àṣá ni yóò pa á. Odídẹ lè lo 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ènìyàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn yín. Ẹ̀yin tí ẹ kò sì ní, ẹ má ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú igbó. Wọ́n ti dín kù púpọ̀, débi pé ní 2016, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Johannesburg, wọ́n fẹnu kò pé kí a má ṣe òwò odídẹ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn mọ́.

Ó kù díẹ̀ kí a sọ fún ara wa. Nígbà tí ìyá tàbí bàbá bá ti ilé dé sọ́dọ̀ wa, ilé wa kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu èrò ìta wọ̀n wọ́n. Kí a tó fura sí ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí a gbé àgò sí.

Àdúrà tí àwọn àgbà máa ń gbà fún wa nígbà tí a bá ń kúrò nílé ni a fi kí yín: odídẹ kì í kú sóko ìwájẹ. A kò ní kú sí oko ìwájẹ wa o. Àṣẹ.